Ṣọ́bìrì Ladina ní Òkè Grevas

Fìlà pupa ni Ladina kọ́kọ́ rí, tó ń yọrí tó tún ń rì nínú yìnyín. Ó sáré débẹ̀, ó bá ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú ihò tó mù ún dé àyà, ṣọ́bìrì lọ́wọ́, òógùn lójú.

"Ṣé o fẹ́ sin ara ẹ ni?"

"Mò ń yẹ yìnyín wò ni, arẹwà. Ó le dáadáa. Àwọn àlejò tí èmi àti bàbá mi ń mú gun òkè lè kọjá."

Ladina bú sẹ́rìn-ín. Òun gan-an ni abúlé yàn pé kó máa sọ ọ̀nà òkè tó ṣeé gbà àti èyí tó yẹ kí wọ́n tì. "Ibi tí atẹ́gùn ti ki yìnyín mọ́lẹ̀ lo lọ gbẹ́. Ṣé kò wá ní í le ni? Máa bọ̀."

Ó gbẹ́ tiẹ̀ sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, ó gé yìnyín bí òpó, ó gbé ṣọ́bìrì lé e, ó ń fọwọ́ gbá a. Nígbà tó gbá a lẹ́ẹ̀kejìlá, apá òkè òpó náà yọ̀ kúrò. Yìnyín tó wà lábẹ́ rẹ̀ rí hóró-hóró bíi ṣúgà, irú èyí tó máa ń ya bo èèyàn mọ́lẹ̀.

Curdin, bẹ́ẹ̀ ló ń jẹ́, wo yìnyín, ó wo Ladina, kò sì gbójú kúrò mọ́. Inú Ladina dùn gan-an.

Wọ́n jọ gbẹ́ ihò títí ọdún fi yí. Àmọ́ Jachen, bàbá Curdin, tó ti ń fi àlejò mọ̀nà òkè láti ogójì ọdún, fárí gá pé wọn ò ní fẹ́ra. "Ọmọ tó ń ti òkè mọ́ mi kò ní wọlé mi!"

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Curdin wá bẹ Ladina. "Olólùfẹ́ mi, ṣí Grevas lónìí nìkan. Bàbá á rọ̀."

Ladina lọ gbẹ́ ihò míì. Yìnyín tún yọ̀. Omijé bọ́ lójú rẹ̀. "Mo nífẹ̀ẹ́ ẹ, Curdin, àmọ́ mi ò ní ṣí i."

 Ni Curdin bá lọ dúró sójú ọ̀nà, níwájú bàbá rẹ̀ àtàwọn àlejò.

"Kúrò lọ́nà!"

"Ẹ má bínú, Bàámi. Ẹ kọ́kọ́ gbẹ́ ẹ wò fúnra yín."

Ó ti pẹ́ tí bàbá náà ti gbẹ́ ihò kẹ́yìn. Ojú lásán ló fi ń wo òkè. Ó fìbínú gbẹ́ ẹ, ó gbá a lẹ́ẹ̀mẹ́sàn-án péré. Yìnyín yọ̀ bọ́ sí i láyà.

 Ó ní káwọn àlejò padà. Lẹ́yìn náà ló nawọ́ sókè látinú ihò, kì í ṣe sí ọmọ rẹ̀, sí Ladina tó dúró létí ihò ni.

"Ìyàwó wa, fà mí jáde jàre. Orúnkún ń dùn mí."