Omi Lórí Sódà

"Ẹ wá wo ọṣẹ tí Ìfẹ́ gé! Ó dọ́gba bí eyín ọmọge," ni Màmá Ọlọ́ṣẹ wí. Wọ́n gbé ọ̀kan sókè kí gbogbo àgbàlá lè rí i.

Sàdíátù kò gbójú sókè. Ó ti lé lọ́dún kan tó ti ń kọ́ṣẹ́ ọṣẹ ní Òkòkòmáìkò níbí, lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́. Àná-àná ni Ìfẹ́ dé. Bẹ́ẹ̀, Màmá ti ní ẹni tọ́wọ́ rẹ̀ bá mọ́ jù ni yóò máa jókòó ti ṣọ́ọ̀bù àwọn ní Ìyànà Ìbà.

"Sàdíátù, mò ń lọ ra àdín. Kọ́ Ìfẹ́ bí a ṣe ń po sódà. Ẹ má fọwọ́ lásán kàn án o! Ohun tó ń sọ epo di ọṣẹ nìyẹn, òun náà la ń dà sí ojú gọ́tà tó bá dí. Kò mọ ojúure. Bó bá pàdé ọ̀rá ara yín, yóò sọ ọ́ di ọṣẹ."

Màmá jáde. Ìfẹ́ gbé ike sódà funfun náà sílẹ̀.

"Àǹtí, èwo la kọ́kọ́ ń dà?"

Sàdíátù mọ̀ ọ́n. Inú omi púpọ̀ la ń rọra da sódà sí, díẹ̀díẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá da omi lé e lórí, sódà náà yóò hó lójijì, yóò sì ta sí i lójú.

"Ṣé wọ́n tún ń kọ́ ìwọ náà ni? Ọ̀gá àwọn ọlọ́ṣẹ! Ṣe é bó o ṣe mọ̀ ọ́n."

Ìfẹ́ rẹ́rìn-ín, ó bu omi. Sàdíátù rí i. Ó la ẹnu, ó tún pa á dé. Kó ta sí i lára díẹ̀, kí Màmá lè mọ̀ pé kò gbọ́n tó bẹ́ẹ̀.

Omi kan sódà. Ó hó ṣìì, ó fò sókè.

"Yéè! Ojú mi o!"

Ìgbà náà ni Sàdíátù tó sáré da omi sí i lójú, ó ń dà á ṣáá títí Màmá fi dé. Ní ilé ìwòsàn, dókítà ní ojú ọ̀tún ti lọ.

"Ṣé o sọ fún un?" ni Màmá bèèrè.

"Mo sọ fún un, Màmá. Kò gbọ́ ni."

Ìyá Ìfẹ́ kúnlẹ̀ níwájú Sàdíátù. "O ṣé, ọmọ mi. Ọpẹ́lọpẹ́ omi tó o dà sí i, ojú méjèèjì ni ì bá lọ."

Nígbà tí àwọn àgbà jáde, Ìfẹ́ yí ojú kan tó kù sí i.

"Àǹtí, mo bi yín. Ẹ̀ ń wò mí nígbà tí mo bu omi."

"Ìfẹ́, jọ̀ọ́..."

"Mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Bí mo bá sọ, wọ́n á lé yín, ẹ ò sì ní rí mi mọ́. Màá padà síbi iṣẹ́. Ẹ̀gbẹ́ yín ni màá máa jókòó sí."

Ó sì padà. Sàdíátù ni Màmá fi ṣọ́ọ̀bù lé lọ́wọ́, Ìfẹ́ sì ń bá a di ọṣẹ. Kò sí ọjọ́ tí oníbàárà kan kì í bèèrè pé, "Kí ló ṣe ojú ọmọ yìí?"

Ìfẹ́ á rọra fèsì pé, "Ẹ bi Àǹtí mi. Ojú wọn ló ṣe."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹni tó mọ ewu tó dákẹ́ nítorí ìlara, òun ló ti ẹnìkejì sí i. Ẹni tó bá da eérú, òun náà ni eérú ń tọ̀.