Áyọ́ọ̀nù Lórí Iná Dádì

"Jemimah, ṣé iná ni ẹ ní nílé yìí ni, àbí ẹ kàn fi ń ṣe ẹ̀ṣọ́?"

Halimah ló ń sọ̀rọ̀. Òun ni yóò ṣe kábíyèsí nínú eré ilé ìwé wọn lọ́la. Agbádá ọba wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó rún bí ẹni pé ewúrẹ́ jẹ ẹ́ tó tún bì í.

Fọládé, tí yóò ṣe olorì, gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀. "Láti ìgbà tí tìráńsífọ́mà ti jó, ilé yín nìkan ni fáánù ti ń yí ládùúgbò yìí. Jọ̀ọ́, ká kàn lọ aṣọ mẹ́ta péré!"

Jemimah, tí yóò ṣe ìjòyè, wo ilẹ̀kùn yàrá bàbá rẹ̀. Ọ̀sán ni, ṣùgbọ́n ìgbà náà gan-an ni Ọ̀gbẹ́ni Oyèlẹ́yẹ máa ń sùn. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, á kó búrẹ́dì sọ́kọ̀ ní Ìwó níbí, á máa pín in kiri Kuta àti Ilé-Ogbó títí di àfẹ̀mọ́jú. Àìsàn kan wà lára rẹ̀: bó bá ti sùn, ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ á dí, èémí á dúró, ara á ta gìrì, èémí á tó padà. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn títí á fi jí, á wá dà bí ẹni tí kò fojú kan oorun rárá. Lọ́dún tó kọjá, oorun gbé e lọ lórí ìjókòó awakọ̀ lọ́nà Kuta, àti ọkọ̀ àti búrẹ́dì, inú kòtò ni wọ́n bá ara wọn.

Lẹ́yìn ìyẹn ni dókítà ní kó máa sùn pẹ̀lú ẹ̀rọ kan tí ń fẹ́ atẹ́gùn sí i nímú. Rọ́bà gbọọrọ kan jáde lára ẹ̀rọ náà, ó lọ so mọ́ ìbòmú. Bí Dádì bá dè é mọ́jú, àfi bí ọwọ́jà erin. Erin náà ni wọ́n sì ń pe ẹ̀rọ ọ̀hún nínú ilé. Sólà ló ń rọ agbára sínú bátìrì, ínfátà ló ń sọ ọ́ di iná tí Erin ń lò. Òfin kan ṣoṣo ni Dádì ṣe: "Ẹ tan gílóòbù, ẹ tan fáánù. Ohunkóhun tó bá ń gbóná, kò gbọdọ̀ kan iná yìí!"

Òjò sì ti ń ṣú látàná. Oòrùn ò yọjú dáadáa.

"Dádì ní..."

"Dádì ń sùn," ni Fọládé wí. "Àbí o fẹ́ kí wọ́n sọ lọ́la pé ọba ìlú àwọn ewúrẹ́ ló ń bọ̀?"

Jemimah bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn náà ló fi ki áyọ́ọ̀nù bọ iná.

Kíá ni ínfátà figbe ta: "Píì! Píì! Píì!"

"Á jí wọn o!" Jemimah sáré gbé ìrọ̀rí lé e lórí. Igbe náà lọ sílẹ̀ bíi ti ẹyẹ tí wọ́n dì lẹ́nu. Wọ́n lọ agbádá, wọ́n lọ ìró olorì. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé aṣọ kẹta kalẹ̀ ni fáánù fà tìkọ̀, ó sì dúró. Ìrọ̀rí náà dákẹ́ jẹ́ẹ́.

Láti inú yàrá ni nǹkan ti bú: "Kírọ̀ọ̀ọ̀ọ̀!"

Halimah ṣubú lulẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín. "Háà! Jemimah, ẹ̀rọ ìlọta ni Dádì yín gbé mì?"

Fọládé sín ìhanrun náà jẹ, ó ń mi ikùn rìpìrìpì. Jemimah náà rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Àfi lójijì tó ṣíwọ́ ẹ̀rín. Láti ọjọ́ tí Erin ti wọlé, Dádì kò hanrun mọ́. Bí Dádì bá ń hanrun, a jẹ́ pé Erin ti kú.

"Ẹ dákẹ́!"

"Kírọ̀ọ̀..." Ìhanrun náà dúró láàárín. Wọ́n retí èyí tó kù, kò wá.

Jemimah já wọ yàrá. Àyà bàbá rẹ̀ ń lọ sókè, ó ń bọ̀ nílẹ̀, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ kankan ò wọlé, bí ẹni tí omi bò mọ́lẹ̀. Ètè rẹ̀ ti ṣú. Ó já ìbòmú dànù, ó gbá èjìká rẹ̀ mú, ó ń mì ín. "Dádì! Dádì mi, ẹ dákun!" Lẹ́nu ọ̀nà, Halimah ń wí pé, "Yáà Allah, Yáà Allah."

"Hááààà!" Èémí wọlé. Dádì dìde jókòó, ó la ojú tó pọ́n bí epo, ó sì... rẹ́rìn-ín músẹ́.

"O ṣeun tó o jí mi. Ilẹ̀ ti ń ṣú nìyẹn?" Ó na ọwọ́ mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀. "Wọ́n á ti máa retí mi níbi búrẹ́dì."

Kò mọ nǹkan kan! Fọládé ṣẹ́jú sí Jemimah, ó fi ìka bo ẹnu. Ọ̀rọ̀ bùṣe. Kò sí ẹni tó máa gbọ́.

Jemimah wo kọ́kọ́rọ́. Ó rí kòtò ọ̀nà Kuta. Ẹ̀rù ìbínú Dádì ń bà á, ṣùgbọ́n ẹ̀rù kòtò yẹn jù ú lọ. Ó kúnlẹ̀.

"Dádì, ẹ má wakọ̀ lónìí. Ẹ ò sùn rárá. Èmi ni mo ki áyọ́ọ̀nù bọ iná. Erin ti kú, èémí yín sì dúró."

Fọládé ti ń fi ẹ̀yìn rìn. "Dádì Jemimah, a ti ń lọ o. Ó dàárọ̀ o."

"Ẹ dúró ńbẹ̀!" Dádì wo áyọ́ọ̀nù, ó wo ìrọ̀rí orí ínfátà, ó wo ọmọ rẹ̀ pẹ́. Ó sì fi kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́. "Pa á mọ́. Tí mo bá sùn tán, màá gbà á."

Omi bọ́ lójú Jemimah. "Ẹ ṣé, Dádì."

"Má tíì dúpẹ́." Ó wo àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ta ló máa ta búrẹ́dì?"

Bátìrì ti tán, oòrùn ti wọ̀. Orí àga ni Dádì ti rí ilẹ̀ mọ́ nítorí ẹ̀rù àtisùn. Láàárọ̀, kí ilé ìwé tó wọlé, àwọn ará Ìwó rí ohun tójú wọn ò rí rí: kábíyèsí nínú agbádá dídán, ó gbé búrẹ́dì rù, olorì àti ìjòyè kan tí aṣọ rẹ̀ ṣì rún ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn.

"Kábíyèsí o!" ni ọlọ́kadà kan kígbe. "Ṣé ó gbóná?"

"Ohun tó gbóná ló sọ wá di báyìí!" ni Halimah dáhùn.

Nígbà tí wọ́n fi máa tà á tán, wọ́n ti pẹ́, àwọn ọmọ kíláàsì mìíràn ló gba eré náà ṣe.

Lọ́jọ́ kejì, oòrùn ràn kíkan. Halimah tẹ́tí sí ilẹ̀kùn Dádì, ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì. "Mi ò gbọ́ ìhanrun kankan o."

"Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn," ni Jemimah wí. Ó ti mọ̀ báyìí pé òfin tí òun rò pé Dádì fi ń ṣahun iná, ẹ̀mí Dádì ló so mọ́ ọn. Ó sì mọ̀ pé bí òun bá ti pa ọ̀rọ̀ yẹn mọ́ra nítorí ọ̀rẹ́, kòtò ọ̀nà Kuta ni ì bá sọ ọ́ jáde.

Fọládé yọ ṣájà fóònù rẹ̀ jáde. "Jemimah, èyí kì í gbóná púpọ̀..."

Jemimah nawọ́ sí ìta. "Búrẹ́dì tòní ṣì kù o."

Fọládé dá ṣájà padà sápò.