Ohun Tí Kíákíá Ò Kà

Yẹ̀yẹ́ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Nínú yàrá kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn, òṣìṣẹ́ tuntun tí wọ́n ń pè ní Kíákíá bá ọ̀gá rẹ̀ obìnrin níbi tó ti ń ka gbogbo ohun tí ẹ̀rọ kọ síta.

"Ọ̀gá, ṣé ìwé ìpíngún lẹ ń kà ni?"

"Tá a bá ń sọ ètò orí kọ̀ǹpútà rẹpẹtẹ dọ̀tun lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀rọ máa ń sọ èyí tó fẹ́ yọ dànù. Kà á kó o tó gbà."

Nígbà tó yá, ìfẹ́ wọ̀ wọ́n lára. Bàbá obìnrin náà ló kọ̀. "Ara ọmọkùnrin yẹn ò balẹ̀. Mi ò lè fún un lọ́mọ mi."

Wọn ò tíì yanjú ọ̀rọ̀ náà tí wọ́n fi gbé bàbá wá sílé ìwòsàn yẹn fún iṣẹ́ abẹ.

"Olólùfẹ́, má fọwọ́ kan ẹ̀rọ títí màá fi dé," ni Ọ̀gá wí, ó sáré lọ bá bàbá rẹ̀.

Kíákíá fẹ́ bá a dín iṣẹ́ kù. Àbí irú ìfẹ́ wo ni kì í fẹ́ ranni lọ́wọ́? Ó ní kí ẹ̀rọ sọ àwọn ètò dọ̀tun; ẹ̀rọ to ohun tó fẹ́ yọ sílẹ̀, ó sì bi í bóyá kó máa lọ. Ó tẹ "Bẹ́ẹ̀ ni". Ìgbà yẹn ló tó wá kà á: ètò tó ń sọ ibi tí ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n máa fà sí aláìsàn kọ̀ọ̀kan lára wà ti wà lára ohun tí ẹ̀rọ ń yọ dànù.

Fóònù dún. Nọ́ọ̀sì ni. "Kọ̀ǹpútà wa ò sọ nǹkan kan mọ́! Ẹ̀jẹ̀ bàbá tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ abẹ fún dà?"

Kíákíá sáré pe Ọ̀gá.

Ọ̀gá sáré dé. Ó fa ẹ̀dà ètò náà tó ti fi pa mọ́ láàárọ̀ jáde, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, síbẹ̀ ó ń ka ìlà kọ̀ọ̀kan.

"Tí kò bá ṣiṣẹ́ ńkọ́?" ni Kíákíá bi í.

"Má bi mí!"

Nọ́ọ̀sì tún pè. Wọ́n ti rí ẹ̀jẹ̀ náà.

Nígbà tí bàbá lè sọ̀rọ̀, Kíákíá fẹ́ lọ bá a. Ọ̀gá dì í mú lẹ́nu ọ̀nà. "Tó bá gbọ́, a ò ní fẹ́ra wa mọ́ nìyẹn."

"Mo mọ̀." Ẹ̀rù bà á ju ti ọjọ́sí lọ, àmọ́ ó wọlé.

"Bàbá, èmi ni mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pa yín."

Bàbá tẹjú mọ́ àjà. "Ọmọ mi ní ẹ̀rọ ló bàjẹ́."

"Rárá, sà. Èmi ni."

Bàbá yíjú sí i. "Fa àga yẹn wá. Ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó kì í ṣe ohun tí à ń sọ lórí ìdúró."