Ìdajì Dàbínù

Ràyhànátù ń gbé ní Sawaba, ní Kumasi. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni.

Oṣù ààwẹ̀ ti dé. Ràyhànátù náà ń gba ààwẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ń gbà á lóòjọ́! Láti àárọ̀ di ọ̀sán, ọ̀kan nìyẹn. Á jẹun. Láti ọ̀sán di ìrọ̀lẹ́, èkejì nìyẹn.

Bí oòrùn bá wọ̀, ládàánì á pe ìrun. Gbogbo ilé á ṣínu.

Lọ́dún tó kọjá, Ìyá Àgbà ló máa ń bá a ṣínu. Àwọn méjèèjì á jókòó sórí ẹní kan náà. Ìyá Àgbà á mú dàbínù kan. Á yọ kóró rẹ̀. Á là á sí méjì.

“Ìdajì fún Ìyá Àgbà. Ìdajì fún Ràyhànátù.”

Ṣùgbọ́n Ìyá Àgbà ti padà sí Ìlọrin. Ìlọrin jìnnà. Bí èèyàn bá wọ mọ́tò lọ síbẹ̀, á sùn, á jí, á tún sùn.

Nígbà tí ààwẹ̀ ọjọ́ kìíní parí, Ràyhànátù la dàbínù sí méjì. Ó jẹ ìdajì kan.

Ìdajì kejì wà nínú àwo. Ìdajì náà nìkan ló wà níbẹ̀.

Zúbàírù, ẹ̀gbọ́n Ràyhànátù, na ọwọ́. “Bí Ìyá Àgbà ò sí ńlé, èmi wà ńlé o.”

“Má fọwọ́ kàn án!”

Bàbá wo ojú Ràyhànátù. “Ó dáa,” ó ní. “Lọ́la, a ó pe Ìyá Àgbà lórí fóònù. Ẹ ó jọ ṣínu.”

Lọ́jọ́ kejì, wọn ò tíì ká ẹní ìrun Alásàrì tí Ràyhànátù fi jókòó ti fóònù. Oòrùn ń ràn sára ògiri.

“Bàbá, ó ti tó?”

“Ó kù díẹ̀.”

“Bàbá, ó ti tó?”

“Ó kù díẹ̀.”

“Bàbá...”

Bàbá pè. Kìrín-kìrín! Kìrín-kìrín! Ìyá Àgbà yọ lójú fóònù. Ẹnu Ìyá Àgbà ń lọ. Nyàm, nyàm.

“Ìyá Àgbà, kí lẹ ń jẹ?”

“Dàbínù ni, ọkọ mi.”

“Ei!” Zúbàírù kígbe. “Ìyá Àgbà jẹ ààwẹ̀! Mo rí wọn o!”

“Ta ló jẹ ààwẹ̀? Ìwọ Zúbàírù yìí! Ládàánì ti pe ìrun níbí. Oòrùn ti wọ̀.”

Ràyhànátù wo ògiri. “Kò tíì wọ̀. Òun rèé lára ògiri wa!”

Ìyá Àgbà kọjú fóònù sí ojú ọ̀run. Ojú ọ̀run pọ́n. Kò sí oòrùn níbẹ̀.

Omijé bọ́ lójú Ràyhànátù. Tó. Tó. “Ẹ ò dúró dè mí.”

“Áà, ọkọ mi,” Ìyá Àgbà ní. “Oòrùn ni ò dúró.”

Lẹ́yìn oúnjẹ, Ràyhànátù lọ bá Bàbá. Bàbá ń tún fáànù ṣe. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn.

“Bàbá, oòrùn mélòó ló wà?”

“Ẹyọ kan.”

“Kí ló dé tó fi wọ̀ ní Ìlọrin, tí kò tíì wọ̀ ní Kumasi?”

Bàbá gbé fáànù sílẹ̀. Ó fẹ́ràn irú ìbéèrè yìí. “Mú ọsàn kan wá,” ó ní. “Mú kànáfùrù méjì wá pẹ̀lú.”

Bàbá gbé ọsàn sókè. “Ilé ayé nìyí.” Ó gún kànáfùrù kan bọ̀ ọ́. “Kumasi nìyí.” Ó gún èkejì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. “Ìlọrin nìyí.”

Bàbá pa iná. Òkùnkùn ṣú biribiri. Ó tan iná fóònù rẹ̀. “Oòrùn nìyí. Ojú kan ló máa wà. Ìwọ yí ọsàn. Rọra o.”

Ràyhànátù yí ọsàn. Yíí...

Kumasi ló kọ́kọ́ wọ òkùnkùn.

“Hẹ̀n-ẹ́n!” Bàbá ní. “O ti yí ayé sẹ́yìn. Àná ló ń gbé wa lọ!”

Ràyhànátù rẹ́rìn-ín. Ó yí i sí ọ̀nà kejì. Yíí...

Ìlọrin wọ òkùnkùn. Iná ṣì ń tàn sí Kumasi.

Ó tún yí i díẹ̀. Yíí... Kumasi náà wọ òkùnkùn.

“Ilé Ìyá Àgbà ló ṣáájú!”

“Òun ló ṣáájú,” Bàbá ní. “Ilé ayé ló ń yí wa kúrò níwájú oòrùn.”

Ràyhànátù di ọsàn mú ṣinṣin. “Mo ti dá a dúró. Ìyá Àgbà, ẹ dúró dè mí.”

“Ilé ayé kì í dúró, ọmọ mi,” Bàbá ní jẹ́jẹ́.

Ràyhànátù wo kànáfùrù méjèèjì. Wọ́n sún mọ́ra. Wọ́n sún mọ́ra gan-an.

“Bàbá, ìṣẹ́jú mélòó ló wà láàárín wọn?”

“Èmi náà ò mọ̀. Lọ́la, a ó kà á.”

Lọ́jọ́ kẹta, Ràyhànátù ṣa kóró dàbínù jọ. Ó gbé abọ́ síwájú. Ìyá Àgbà ti wà lórí fóònù.

Ládàánì Ìlọrin pe ìrun. Bàbá wo aago. Ìṣẹ́jú kan, Ràyhànátù á ju kóró kan sínú abọ́. Ko!

Ko! Ko! Ìmọ́lẹ̀ oòrùn ń gun ògiri lọ sókè.

Ko! Ko! Ó dé òkè fèrèsé.

Ko! Ko! Ó dé abẹ́ páànù. Ó lọ.

Ládàánì Sawaba pe ìrun. Ràyhànátù ka kóró inú abọ́. Mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni.

“Ìyá Àgbà, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni! Ṣé odindi dàbínù lẹ fi ṣínu?”

“Odindi ni. Ta ni mo fẹ́ là á fún níbí?”

Ràyhànátù wo àwo. Ó wo fóònù. Ó fò sókè.

“Ìyá Àgbà! Lọ́la, ẹ là á!”

Lọ́jọ́ kẹrin, ládàánì Ìlọrin pe ìrun. Ìyá Àgbà mú dàbínù kan. Ó là á sí méjì.

“Ìdajì fún Ìyá Àgbà.” Ó jẹ ẹ́. Ó mu omi. Ó gbé ìdajì kejì sínú àwo. Ó lọ kírun.

Ìdajì náà dúró.

Ko! Ko! Ko! Ìmọ́lẹ̀ ń gun ògiri. Ìyá Àgbà padà dé. Ko! Ko! Kóró mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n pé.

Ládàánì Sawaba pe ìrun.

Ràyhànátù la dàbínù tirẹ̀. “Ìdajì fún Ràyhànátù.”

Ó mú ìdajì kan ní Kumasi. Ìyá Àgbà mú ìdajì kan ní Ìlọrin. Wọ́n jọ fi sẹ́nu. Nyàm, nyàm.

“Ó dùn, ọkọ mi?”

“Ó dùn, Ìyá Àgbà.”

Ìdajì kan kù nínú àwo. Ràyhànátù tì í sọ́dọ̀ Zúbàírù. “Gbà. Ṣùgbọ́n má sọ mọ́ pé Ìyá Àgbà jẹ ààwẹ̀.”

“Láéláé! Medaase, o ṣé, àbúrò mi.” Ó ti gbé e mì.

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ karùn-ún fẹ́ mọ́, fóònù dún. Kìrín-kìrín!

“Ọkọ mi, oòrùn ti yọ níbí. Mo ti ní kó máa bọ̀ lọ́dọ̀ ẹ.”

“Rárá, Ìyá Àgbà! Oòrùn kọ́ ló ń bọ̀. Èmi ni mò ń yí bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀!”

Ìyá Àgbà rẹ́rìn-ín. “Ó dáa. Máa yí bọ̀. A ti ń retí ẹ.”

Ràyhànátù jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ó kọjú sí ìhà Ìlọrin. Ó gbé abọ́ lé ẹsẹ̀.

Ko! Ko! Ko!

Ìmọ́lẹ̀ kan àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́.

“Ìyá Àgbà,” ni Ràyhànátù wí, “mo ti dé o.”