Ìwé Kejì Nínú Mẹ́ta

Ìwé ló pa bàbá náà. Ohun tí gbogbo àdúgbò ń sọ nìyẹn kí ọlọ́pàá tó dé. Pẹpẹ ìwé tó ga dé àjà ló wó lù ú nínú pálọ̀ ẹ̀, gbogbo ìtàn ogun àti ìtàn bí sójà ṣe ń gbàjọba tó ti fi ọjọ́ ayé ẹ̀ kó jọ sì ya bò ó mọ́lẹ̀ bí ìgbà tí tírélà bá da yanrìn sílẹ̀. Nígbà tí Ìnsípẹ́kítọ̀ wọlé, ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló kọ́kọ́ rí. Ó yọ síta lábẹ́ ìwé ńlá kan tí wọ́n ya ọ̀gágun sára èèpo ẹ̀, ọ̀gágun náà sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bíi pé òun ló ṣe é.

"Sà," Sájẹ́ńtì sọ, "odindi bàtálíọ̀nù sójà ló dúró lé bàbá yìí láyà, ìbọn kan ò sì dún."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," Ìnsípẹ́kítọ̀ dáhùn.

Ohun tó máa ń sọ nìyẹn. Tí wọ́n bá ní olè fọ́ báńkì, ó dáa bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n wá sọ fún un pé ìyàwó ẹ̀ ti bímọ, ó dáa bẹ́ẹ̀ náà ló sọ, ìyá ìyàwó ẹ̀ ò sì tíì dárí jì í di bá a ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí.

Bàbá Oníwèé ni wọ́n ń pe olóògbé. Akọ̀wé ló jẹ́ ní bárékè sójà kó tó fẹ̀yìn tì. Kò yìnbọn rí láyé ẹ̀, àmọ́ kò sógun tí kò mọ ẹni tó kọ́kọ́ sá níbẹ̀. Ilé sójà tó bá kú, ó máa ń dé ibẹ̀ kí àwọn tó fẹ́ ṣọ̀fọ̀ tó dé, á ní òun wá kí wọn, ojú ẹ̀ á sì ti wà lára àpótí ìwé. Ìwé gba pálọ̀, ó gba ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó wá gba yàrá àwọn ọmọ. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ẹnu ọ̀nà kíṣìnnì làwọn ọmọ ń sùn títí wọ́n fi dàgbà. Wọ́n lọ, wọn ò sì yà kí i mọ́, torí kò síbi tí wọ́n fẹ́ jókòó sí.

Àbúrò olóògbé wà nídìí fèrèsé. Ó mú téèpù lọ́wọ́, ó ń wọn fèrèsé náà.

"Ìyàwó wa ló pa á," ó sọ láìwẹ̀yìn. "Mi ò fẹ́ sọ̀rọ̀ púpọ̀. Òun nìkan ló wà nílé. Gbogbo àdúgbò ló sì gbọ́ ọ lọ́jọ́ tó ń pariwo pé ìwé yìí ló máa pa bọ̀ọ̀dá mi."

"Kí lẹ̀ ń wọ̀n?"

"Fèrèsé ni, sà. Kọ́tìnnì tó wà ńbẹ̀ ti gbó."

"Òkú ṣì wà nílẹ̀."

"Mo gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kọjá, sà. Mi ò tẹ̀ ẹ́."

Ìnsípẹ́kítọ̀ wo téèpù náà. Téèpù aránṣọ ni. Ọrùn ìyàwó olóògbé tó jẹ́ aránṣọ ló ti yọ ọ́.

Ìyàwó náà wà ní yàrá iwájú tó fi ṣe ṣọ́ọ̀bù, ó jókòó sídìí máṣíìnì. Kò sáṣọ kankan lábẹ́ abẹ́rẹ́, àmọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀ ṣì wà lórí irin títẹ̀.

"Ẹ kú ìrọ́jú, Màmá," Ìnsípẹ́kítọ̀ sọ.

"Mo sọ ọ́ o," obìnrin náà dá a lóhùn. "Kẹ́ ẹ má baà bi mí. Mo ní ìwé máa pa á. Mo tún ní màá fi wọ́n dáná. Ọjọ́ tínú bá bí mi gan-an, mo máa ń ní kó lọ fẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Tó bá jẹ́ pé ẹnu ní ń pààyàn, ọkọ tó kù láyé yìí ò ní pọ̀."

"Ẹ ò gbọ́ nígbà tí pẹpẹ wó ni?"

"Mò ń rán yunifọ́ọ̀mù. Mo gbọ́ gbìì. Ojoojúmọ́ ni nǹkan ń ṣe gbìì nílé yìí, ọ̀gá. Tó bá jẹ́ gbogbo ẹ̀ ni mò ń dìde sí, mi ò ní rán ìgbátí kan parí." Ó wo ọ̀nà pálọ̀. "Eléyìí ni ó yẹ kí n dìde sí."

"Ta ló wá kí i lónìí?"

"Àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ máa ń gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Wọn kì í kí mi. Màmá tó ń ránṣọ, kí ló mọ̀ nípa ogun?"

Fóònù Sájẹ́ńtì dún. Ó gbé e, ó sì fọ̀rọ̀ náà sí ọ̀gá ẹ̀ létí. Ọ̀gá àgbà ní tẹ́ṣàn ni. Ó ní àbúrò olóògbé, ọ̀rẹ́ òun, ti ṣàlàyé gbogbo nǹkan fóun, kí wọ́n gbé ìyàwó náà wá kílẹ̀ tó ṣú, kí wọ́n pa fáìlì dé.

"Sà, ṣé kí n gbé ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ jáde?"

"Gbé e sápò ná. Tẹ̀ lé mi."

Wọ́n padà sí pálọ̀. Ìnsípẹ́kítọ̀ bẹ̀rẹ̀, ó kó ìwé díẹ̀ kúrò, ó wo ọwọ́ òkú. Ọwọ́ náà di pákó kan tó kán mú pinpin, pákó òkè pátápátá lára pẹpẹ tó wó. Bàbá Oníwèé ò ga. Tó bá dúró nílẹ̀, kódà tó bá fò, ọwọ́ ẹ̀ ò lè kan pákó yẹn láéláé. Àkàbà wà nínú yàrá náà lóòótọ́. Ó dúró rekete, ó fara ti pẹpẹ kejì tí wọ́n kàn mọ́ ògiri.

Ìnsípẹ́kítọ̀ gun àkàbà náà. Lókè pátápátá ni ìwé pupa ńlá méjì wà, tí wọ́n kọ góòlù sí lẹ́yìn: ìwé kìíní àti ìwé kẹta, wọ́n fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn. Ó kó méjèèjì sọ̀ kalẹ̀. Ìwé kìíní ní ihò kékeré kan, irú èyí tí kòkòrò máa ń lu. Ó wọlé láti iwájú, ó sì jáde lẹ́yìn ní igun òkè. Ìwé kẹta náà ní ihò láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n àárín gbùngbùn ni tiẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ìnsípẹ́kítọ̀ já ẹyọ igi kan lára ìgbálẹ̀ tó wà nídìí ilẹ̀kùn, ó tì í bọ ihò àkọ́kọ́, ó fà á yọ, ó tì í bọ ìkejì.

"Sà," Sájẹ́ńtì sọ, "ẹ̀ ń bá ìwé tayín."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Gbé méjèèjì dání."

Wọ́n fi obìnrin náà sílẹ̀ nídìí máṣíìnì. Àbúrò ọkọ ẹ̀ ní òun á ṣọ́ ọ. Ó fi téèpù kọ́rùn, ó gbé àga dí ẹnu ọ̀nà.

Oníwèé àlòkù tó ń tajà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́ ò jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀ tán kó tó da ìwé pupa náà mọ̀.

"Mẹ́ta ni wọ́n," ó ní. "Ìkejì ló ṣòro. Bàbá Oníwèé àti Jagun-Lẹ́nu, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì yẹn, àwọn méjèèjì ní ìkíní àti ìkẹta, ìkejì ni wọ́n ń fi gbogbo ayé wá. Bàbá Oníwèé rí i rà lọ́dún tó kọjá. Ó ní kí n má sọ fẹ́nì kankan."

"Ẹ ò sì sọ?"

Ọkùnrin náà gbọn eruku ara ìwé kan tí kò ní eruku.

"Ìjẹta ló yọ lẹ́nu mi. Jagun-Lẹ́nu ń yọ mí lẹ́nu ni, ó ní òun ni ọ̀gá gbogbo wa. Mo kàn ní kó lọ béèrè ìwé kejì lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ ẹ̀. Mo fẹ́ wo ojú ẹ̀ ni. Ọ̀gá, ojú náà ò dáa rárá."

Ilé Jagun-Lẹ́nu ń rùn fún káńfọ̀ tí wọ́n fi ń lé kòkòrò débi pé Sájẹ́ńtì sín kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn. Ọkùnrin náà ga, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó ní àpò mẹ́rin bíi ti sójà. Ó ti fi náílọ́ọ̀nù wé gbogbo ìwé ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ẹ wọlé, ẹ̀yin ọmọ ogun," ó ní. "Mo ti gbọ́. Àdánù ńlá gbáà ni."

"Ìgbà wo lẹ dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ gbẹ̀yìn, sà?" Ìnsípẹ́kítọ̀ bi í.

"Ó ti lé lọ́dún kan. Afárá kan ló dá ìjà sílẹ̀. Èmi ní sójà ló bì í wó, òun ní omi ló gbé e lọ. A ò kí ara wa mọ́."

"Ìwé yín mọ́ o. Kòkòrò ò dé ibẹ̀ rí?"

Inú bàbá náà dùn. "Kòkòrò kẹ̀? Nílé tèmi? Ìwé tó bá ní ihò kan péré, mi ò ní jẹ́ kó kọjá ẹnu ọ̀nà yẹn. Ti ọ̀rẹ́ mi, kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún un, oúnjẹ kòkòrò ló ń kó jọ."

"Ẹ̀yin náà ní àwọn pupa mẹ́ta yẹn?"

"Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọjọ́ pẹ́ tí wọ́n ti pé lọ́wọ́ mi."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n rí wọn."

Ó kó wọn wá, ó gbé wọn kalẹ̀ bí ẹní ń gbé ọmọ tuntun. Ìnsípẹ́kítọ̀ tú náílọ́ọ̀nù ara wọn. Ìkíní ò ní ihò. Ìkẹta ò ní ihò. Ìkejì ní ihò, láti iwájú dé ẹ̀yìn.

"Èyí kọjá ẹnu ọ̀nà," Ìnsípẹ́kítọ̀ sọ.

"Bí mo ṣe rà á nìyẹn. Kò sí òmíràn. Èèyàn máa ń gba èyí tó bá rí."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀."

Ó ní kí Sájẹ́ńtì gbé ìwé olóògbé méjèèjì jáde. Ó gbé ìwé kejì Jagun-Lẹ́nu sáàárín wọn, ó gbá ẹ̀gbẹ́ wọn kí wọ́n lè dọ́gba. Ó yọ igi ìgbálẹ̀ lápò. Ó tì í bọ ihò ara ìwé kìíní, ó ń tì í lọ díẹ̀díẹ̀, ó dagun díẹ̀ bí ẹní ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè. Igi ìgbálẹ̀ náà kọjá ìkíní, ó kọjá ìkejì, ó sì yọ orí jáde lẹ́yìn ìkẹta.

"Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé," Ìnsípẹ́kítọ̀ sọ. "Kòkòrò kan bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nínú ìwé ọ̀rẹ́ yín. Ó jáde lẹ́yìn ìkíní ní igun òkè, ó sì wọ ìkẹta láàárín. Mo bi ara mi pé, ṣé ó kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀ lọ kí àwọn ará ilé ni, kó tó máa bá ọ̀nà ẹ̀ lọ? Kò lè rí bẹ́ẹ̀. Ìwé kan wà láàárín tẹ́lẹ̀. Ẹnì kan mú un lọ, ó wá ti èjì tó kù mọ́ra kí ojú má baà rí àlàfo. Àkàbà náà sọ̀rọ̀. Ọwọ́ òkú mú orí pẹpẹ, ìyẹn ni pé orí àkàbà ló ti já bọ́. Ẹni tó já bọ́ lórí àkàbà kì í dìde gbé àkàbà dúró, kó tó tún lọ dùbúlẹ̀ kú. Wọ́n ní ìyàwó ẹ̀ ni. Obìnrin tó fẹ́ dáná sun gbogbo ìwé, kí ló fẹ́ fi ẹyọ kan ṣe?"

Jagun-Lẹ́nu jókòó. Gbogbo àpò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣẹ́ẹ̀tì ẹ̀ wá dà bíi pé wọ́n ṣófo.

"Mo bẹ̀ ẹ́," ó sọ. "Mo ní kó jẹ́ n kàn gbé e lọ́wọ́. Ó gun àkàbà, ó yọ ọ́, ó ní kí n máa wò ó láti ìsàlẹ̀. Ó ní kí n ṣe sàlúùtù, òun á fi lé mi lọ́wọ́. Mo ṣe é. Èmi, mo ṣe sàlúùtù fún akọ̀wé. Ló bá rẹ́rìn-ín, ló bá fi í padà sáyè ẹ̀. Mo fa àkàbà. Mo kàn fẹ́ kí ẹ̀rín yẹn dá ni. Ó di pẹpẹ ẹ̀gbẹ́ mú, ni pẹpẹ bá tẹ̀ lé e."

"Ó kú lójú ẹsẹ̀?"

"Rárá. Nígbà tí mo gun òkè lọ mú ìwé náà, ó ṣì ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ ibẹ̀."

"Kí ló sọ?"

"Ó ní, 'Rọra mú un. Má fà á ya.'"

Sájẹ́ńtì tó ti ní ẹ̀fẹ̀ kan lẹ́nu gbé e mì.

Ìnsípẹ́kítọ̀ mú ìwé kejì, ó fẹ́ ṣí i láàárín. Kò ṣí. Ó gbìyànjú níbòmíràn, kò ṣí. Ewé ìwé náà ṣì so pọ̀ létí, bí wọ́n ṣe máa ń wá látilé ìtẹ̀wé láyé àtijọ́, tó jẹ́ pé ẹni tó bá fẹ́ kà á ló máa fi ọ̀bẹ là á. Ó wo ìkíní àti ìkẹta olóògbé, ó wo ti Jagun-Lẹ́nu náà. Bákan náà ni gbogbo wọn rí. Ọ̀bẹ ò kàn wọ́n rí.

"Tíṣà," ó sọ, "kí ló wà nínú ìwé yìí?"

Jagun-Lẹ́nu ka àkọlé tí wọ́n fi góòlù kọ sẹ́yìn ìwé náà. Ibẹ̀ náà ló mọ.

"Kòkòrò nìkan ló kà á tán," Ìnsípẹ́kítọ̀ sọ, ó sì na ọwọ́ sí Sájẹ́ńtì fún ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀.

Oòrùn ṣì wà lókè nígbà tó padà dé ilé aránṣọ. Wọ́n ti gbé òkú lọ. Àbúrò olóògbé dìde lórí àga, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé nípa kọ́tìnnì. Ìnsípẹ́kítọ̀ yọ téèpù lọ́rùn ẹ̀, ó nàka sí títì. Ó dá téèpù náà padà fún ẹni tó ni ín, ó sọ fún un pé ó ti bọ́ nínú ẹ̀sùn, ó sì sọ ẹni tó ṣe é fún un àti bó ṣe ṣe é. Ibi kan ló fò: ọ̀rọ̀ tí olóògbé sọ gbẹ̀yìn.

Obìnrin náà gbọ́ ọ tán. Kò sunkún.

"Tó bá jẹ́ pé kò kú lójú ẹsẹ̀," ó sọ, "ṣé ó pè mí?"

Ìnsípẹ́kítọ̀ ò lè sọ pé ó dáa bẹ́ẹ̀. "Ó pè yín, Màmá. Máṣíìnì ni ò jẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́."

Kó tó sọ ọ́ tán ló ti rí ohun tó ṣe. Obìnrin náà wo máṣíìnì, ó tún wo ojú ẹ̀, ó wò ó pẹ́.

"Irọ́ lẹ̀ ń pa," ó ní. "Ẹ ṣeun. Àmọ́ irọ́ ni. Látọjọ́ tí mo ti wọlé yìí, kò pè mí rí, àfi tó bá fẹ́ kí n bá òun di àkàbà mú."

Ó fa yunifọ́ọ̀mù ọmọ ọlọ́mọ kan sábẹ́ abẹ́rẹ́, ó sì tẹ irin. Ìnsípẹ́kítọ̀ ṣì ní ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu, àmọ́ máṣíìnì ò jẹ́ kí obìnrin náà gbọ́.