Ọkàn Ẹja Lápá Ọ̀tún

"Ẹ̀gbọ́n Shigeki, orúkọ tèmi ńkọ́?"

Kozue na ìka sí pátákó ìwádìí tí wọ́n fẹ́ gbé lọ síbi ìdíje sáyẹ́ǹsì. Orúkọ Shigeki nìkan ló wà níbẹ̀, gàdàgbà. Shigeki, tó ṣáájú rẹ̀ nílé ìwé, ń jẹ ìrẹsì rẹ̀ lọ ní tirẹ̀.

"Ọmọ kíláàsì kìíní, orúkọ kí lò ń wá? Ṣé torí omi ẹyin ẹja tó o pààrọ̀? Fara balẹ̀, tìẹ náà á kàn."

Inú bí Kozue burúkú. Òun ló ronú ìwádìí náà: bí ẹyin mẹdáká, ẹja kékeré kan, bá wà nínú omi tútù, ṣé ọkàn ẹja á ṣì mọ ọ̀nà apá òsì? Nínú ọlẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń di ẹja, àwọn irun tín-ín-tín kan máa ń yí, wọ́n á ti omi gba apá òsì; ìṣàn omi yẹn ni ọlẹ̀ fi ń mọ òsì yàtọ̀ sí ọ̀tún. Gbogbo ìsinmi ni Kozue fi tọ́jú ẹyin wọ̀nyẹn. Ó ní bó pẹ́ bó yá, òun á gbẹ̀san.

Kò pẹ́ rárá. Shigeki ya àwòrán àwọn ọlẹ̀ náà, ó fò sókè. "Ẹ wá wò ó! Ọkàn gbogbo wọn ti bọ́ sápá ọ̀tún!"

Kozue wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó rẹ́rìn-ín sínú. Ikùn ẹja ni Shigeki yà, ó rò pé ẹ̀yìn ni. Ẹni tó bá kọjú sí ọ, òsì rẹ̀ ń bẹ lápá ọ̀tún rẹ. Ọkàn ẹja kankan kò ṣìnà. Àbúrò kì í sì í tún ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n ṣe nílé ìwé wọn. Bó bá dákẹ́, ta ni yóò bá a wí? Máa lọ, ó wí nínú ara rẹ̀, lọ tẹ́ níwájú ayé.

Tíṣà Kuwabara, àgbàlagbà tó ń darí ẹgbẹ́ sáyẹ́ǹsì wọn, pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Kozue, ojú mi ti ń ṣe bàìbàì. Ojú tìẹ ni mo gbẹ́kẹ̀ lé. Ṣé àwòrán yìí dáa?"

"Ó dáa, sà."

Tíṣà tẹ èdìdì rẹ̀ sí i, àmì pé òun ti yẹ̀ ẹ́ wò.

Lọ́jọ́ ìdíje, Shigeki ṣàlàyé tìgbéraga-tìgbéraga. Adájọ́ obìnrin kan béèrè pé, "Ẹ̀yìn ẹja lẹ̀ ń wò ni, àbí ikùn?" Shigeki wo pátákó, ó wolẹ̀, òógùn bò ó. Ẹ̀san náà dùn mọ́ Kozue dé egungun.

"Ta ló yẹ iṣẹ́ yìí wò?" ni adájọ́ tún bi wọ́n.

"Èmi ni," ni Tíṣà Kuwabara wí. Ó tẹríba títí orí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan orúnkún. "Ẹ má bá àwọn ọmọ wí. Ẹ̀bi mi ni."

Ó pẹ́ kó tó nàró. Àwọn kan ń fi í rẹ́rìn-ín, adùn ẹ̀san sì di ewúro lẹ́nu Kozue.

Níta, ó bú sẹ́kún. "Tíṣà, mo rí i látọjọ́ yẹn. Mo fẹ́ kójú ti Ẹ̀gbọ́n Shigeki ni."

Tíṣà dá a lóhùn pé, "Shigeki rẹ́ ọ jẹ, òótọ́ ni. Ó yẹ kó o wá sọ fún mi. Èmi ńkọ́, Kozue? Kí ni mo fi ṣe ọ́?"

Látọjọ́ náà, Tíṣà Kuwabara kò tẹ èdìdì sí iṣẹ́ ìdíje kankan mọ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí wọ́n bá rẹ́ yín jẹ, ẹ pariwo síta. Ẹ má fi irọ́ gbẹ̀san. Ẹni tó bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ni yóò bà.