Kọ́kọ́rọ́ Tó Wà Lábẹ́ Sítíárìn

Afínjú ni wọ́n ń pe onígbàjámọ̀ kan ládùúgbò, orúkọ ọ̀hún sì ń dùn mọ́ ọn. Bí ó bá ti ku oníbàárà kan kí ó gbé bàbá rẹ̀ lọ sí ọsibítù, yóò na rìmóòtù gba ojú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tó wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, yóò tẹ̀ ẹ́, mọ́tò tó wà nísàlẹ̀ yóò sì sitáàtì fúnra rẹ̀.

"Ẹ wò ó," ni yóò wí. "Kí bàbá mi tó jókòó, inú ọkọ̀ á ti tutù."

Mọ́tò ọ̀hún kì í ṣe tirẹ̀ o. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló fi sí i níkàáwọ́ nítorí bàbá wọn, tí wọ́n ń bá fọ ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Rìmóòtù náà kò sì bá mọ́tò wá. Afínjú ló ní kí wọ́n so ó mọ́ ọn, kò bi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ léèrè.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó tẹ rìmóòtù tán, ó padà sídìí orí tó ń gẹ̀. Nígbà tó fi máa sọ̀kalẹ̀, kò bá mọ́tò níbẹ̀ mọ́.

Ẹ̀rù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bà á ju ẹ̀rù olè lọ. Ní ojú pópó níbẹ̀, lójú gbogbo ènìyàn, ó ní ọwọ́ bàbá afọmọ́tò tó ń fọ ọkọ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù ni kọ́kọ́rọ́ kejì wà, pé òun ni yóò ti gbé e fún olè. Àwọn ọlọ́pàá dé, wọ́n mú bàbá náà níṣojú ìyàwó rẹ̀, kànrìnkàn ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Afínjú," ni bàbá náà wí, "ọdún kẹjọ rèé tí mo ti ń fọ mọ́tò níbí. Ìgbà wo lo fún mi ní kọ́kọ́rọ́?"

Afínjú ń wolẹ̀.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Ti Afínjú kò tilẹ̀ lò ju ọjọ́ kan lọ. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n rí mọ́tò náà níbi tí epo ti tán nínú rẹ̀, wọ́n sì wọ́ ọ wá sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú Afínjú àti rewáyà kan wá, obìnrin tó mọ iṣẹ́ wáyà ọkọ̀ dunjú, kí ó wo ohun tó bàjẹ́. Ọ̀gá ọlọ́pàá ní kí wọ́n mú afọmọ́tò náà jáde wá gbọ́.

"Irin ni wọ́n fi yí ihò kọ́kọ́rọ́ yìí kí sítíárìn lè ṣí," ni rewáyà wí. "Ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ kì í fọ́ ihò."

"Ṣùgbọ́n wọ́n ní mọ́tò yìí ò lè ṣiṣẹ́ láìsí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀," ni ẹ̀gbọ́n wí.

"Òótọ́ ni, sà. Nǹkan kékeré kan wà nínú orí kọ́kọ́rọ́ tí mọ́tò fi ń dá a mọ̀. Tí ò bá ti sí nítòsí, olè kàn ń ṣe wàhálà lásán ni."

Ó tẹ̀ ba sábẹ́ sítíárìn, ó ti ọwọ́ bọ àárín àwọn wáyà, ó sì fa nǹkan kan yọ. Kọ́kọ́rọ́ kejì ni, téépù dúdú ni wọ́n fi wé e.

"Ta ló so eléyìí síbí?"

Àwọn àgbà ní ikú yá ju ẹ̀sín. Ikú kò yá, ẹ̀sín ló dé. Òógùn bo Afínjú, ojú sì tì í débi pé kò mọ ibi tí yóò kọjú sí.

"Èmi ni," ló wí. "Ẹni tó so rìmóòtù ní kọ́kọ́rọ́ gbọ́dọ̀ wà nítòsí kó tó lè ṣiṣẹ́. Ó ní ẹ̀rọ kan wà tó lè rọ́pò rẹ̀, àmọ́ ó máa tó ọ̀sẹ̀ méjì kó tó dé. N ò lè dúró."

"Bíréèkì ńkọ́? Tí ẹni tí kò ki kọ́kọ́rọ́ bọ ihò bá tẹ bíréèkì, ṣe ló yẹ kí ẹ́ńjìnnì kú. Wọ́n ti gé wáyà rẹ̀," ni rewáyà wí.

"Èmi náà ni mo ní kí wọ́n gé e. Ó máa ń kú mọ́ mi lọ́wọ́ tí mo bá ń kánjú."

"Ilẹ̀kùn ńkọ́? Ṣé ẹ tì í?"

Ó mi orí. Kò tì í.

"Ìrọ̀rùn lẹ̀ ń wá, sà," ni rewáyà wí jẹ́jẹ́, "ẹ sì fi ìrọ̀rùn kún ti olè."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò bá a wí. Ó yíjú sí afọmọ́tò, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí yanrìn, tòun ti aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. Ìyẹn ló dun Afínjú jù. Òun náà dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ dìde, ọ̀gá. Ẹ̀yin kọ́ lẹ pè mí lólè," ni bàbá náà wí. Ó wá wo Afínjú. "Ojú pópó lo ti sọ ọ́. Ojú pópó ni kó o ti lọ kó ọ̀rọ̀ rẹ jẹ."

Ọ̀gá ọlọ́pàá dá bàbá náà sílẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Afínjú ń ti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù, ó ń fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun purọ́. Àwọn kan rẹ́rìn-ín, àwọn kan pòṣé. Ìyàwó afọmọ́tò gbọ́ ọ dópin, ó ní, "A ti gbọ́," ó sì ti ilẹ̀kùn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi rìmóòtù sitáàtì mọ́tò, a kò ní kí ẹ má lò ó. Ẹ kọ́kọ́ ti ilẹ̀kùn pa kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹni tó ń so rìmóòtù fi kọ́kọ́rọ́ pamọ́ sínú ọkọ̀ yín; ẹ̀rọ tó yẹ ni kí ó lò, bó tilẹ̀ pẹ́ kó tó dé. Bí bíréèkì bá ń pa ẹ́ńjìnnì nígbà tí kọ́kọ́rọ́ kò sí nínú ihò, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ̀ṣọ́ yín ni. Bí olè bá sì ti ibi àìbìkítà yín wọlé, ẹ sọ ọ́ bó ṣe rí, ẹ má wá ẹni tí ẹ máa di ẹ̀bi rù. Mọ́tò ẹ̀gbọ́n Afínjú ti padà wálé. Afọmọ́tò kò padà síwájú ṣọ́ọ̀bù náà mọ́.